Àjẹ́ Tí Wọ́n Ní Kí N Máa Ṣọ́

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọ́n á fi sin mí: ọjọ́ tí mo fi ẹnu ara mi sọ ara mi di àjẹ́ níwájú gbogbo ìjọ, ní Agége. Bí mo bá rántí rẹ̀, ara mi ṣì máa ń ta.

Kafíńtà ni mí nígbà náà, àwọn òyìnbó ò tíì gbé ìjọba sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi ò sì jìnnà sí ojú irin. Ìyá mi ló mú mi wọ ìjọ Aládùúrà. Lọ́sẹ̀ kan, wọ́n mú Wúràọlá, ọmọ alàgbà wa kan tó jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó jẹ́wọ́ pé àjẹ́ lòun. Wòlíì wa ní kí wọ́n tì í mọ́ yàrá ẹ̀yìn fún ọjọ́ méje, kí ìjọ máa gbàdúrà fún un. Àwọn ìyá ìjọ yóò máa sùn tì í. Wọ́n wá béèrè ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lójúmọmọ, ni ìyá mi bá di ọwọ́ mi mú, wọ́n nà án sókè. Wòlíì fún mi ní imọ̀ ọ̀pẹ kan, wọ́n ní kí n máa gbààwẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ àjẹ́ ti wọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n kan ìdábùú sí ilẹ̀kùn. Mo kàn án, ó dúró digbí. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo rí i pé inú ni mo kàn án sí dípò ìta. Kafíńtà ọdún mẹ́fà! Ojú ò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ìjọ rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bó ṣe di pé ẹni tí mò ń ṣọ́ ló ń tilẹ̀kùn mọ́ mi nìyẹn, tí mo bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà nínú ilé, mo ní láti kanlẹ̀kùn kí n bẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo bi í pé kí ló dé tí kò sá lọ.

"Kí n sá lọ síbo, Bùrọ̀dá? Ibi tí mo fẹ́ wà ni mo wà yìí."

Ó ní bàbá òun ti fi òun fún olóbì kan tó níyàwó mẹ́ta nílé. Òun sunkún, òun bẹ̀bẹ̀, kò sẹ́ni tó dá òun lóhùn, lòun bá ní àjẹ́ lòun. Láti ọjọ́ náà, olóbì ò dé ilé wọn mọ́.

Ebi ló kọ́kọ́ bà mí jẹ́. Èmi ẹ̀ṣọ́ ń gbààwẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń gbé ìkọ́kọrẹ́ wá fún àjẹ́ lójoojúmọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti abọ́ sọ́dọ̀ mi. Mo jẹ ẹ́, mo sì lá abọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, ṣíbí kan náà la jọ fi ń jẹun, mo sì ti fẹ́ràn ọmọ náà kọjá ohun tí mo lè fi pa mọ́.

Wàhálà wá dé. Bí ìjọ bá ní ó ti mọ́, olóbì á wá mú un lọ. Bí wọ́n bá ní àjẹ́ ni síbẹ̀, ìyá mi ò ní jẹ́ kó wọlé wa láéláé. Wúràọlá ní ká kọ́kọ́ lé olóbì lọ ná. Èmi ni yóò jẹ́rìí lọ́jọ́ keje.

"Ẹ ṣáà sọ pé kò tíì lọ lára mi," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan lé e."

Mo sì fi lé e. Ṣọ́ọ̀ṣì kún lọ́jọ́ náà, olóbì jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Wúràọlá. Mo ní kò tíì lọ lára rẹ̀. Olóbì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun lè ní sùúrù. Inú bí mi. Mo ní mo fojú ara mi rí i tó di ẹyẹ lọ́sàn-án gangan. Mo ní ẹsẹ̀ ẹyẹ náà pupa. Mo ní orí igi obì ló bà sí, gbogbo ewé igi náà sì rọ lójú mi. Olóbì dìde, ó jáde, ó gbàgbé bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Ìyá àgbà kan wá dìde láàárín àwọn obìnrin.

"Ojú wo lo fi rí i, ọmọ mi? Ojú lásán kì í rí àjẹ́ tó ti fò."

Wòlíì wá bi mí bóyá mo jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀. Mo wo Wúràọlá, ó dorí kodò, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Mo ní mo jẹ ẹ́. Ìyá mi káwọ́ lérí. Wòlíì ní ọ̀rọ̀ ti yé wọn: nǹkan náà ti kúrò lára ọmọbìnrin yìí, ara mi ló wà báyìí.

Yàrá kan náà ni wọ́n tì mí mọ́ fún ọjọ́ méje. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n pe kafíńtà mìíràn, ó tú ìdábùú, ó kàn án síta. Kò sẹ́ni tó gbà láti gbé oúnjẹ wá fún mi àfi Wúràọlá, wọ́n ní nǹkan náà ò lè mú un lẹ́ẹ̀mejì. Olóbì rán èèyàn wá gba bàtà rẹ̀, kò béèrè ìyàwó.

Lọ́jọ́ keje, bàbá Wúràọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, wọ́n wò mí títí. "Ìwọ lo gba àjẹ́ rẹ̀," ni wọ́n wí. "Gba òun náà."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ibi tójú èèyàn bá rí nǹkan mọ ni kó jẹ́rìí mọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ò jẹ́ kí n sinmi nínú ilé ara mi. Bí mo bá sọ pé mo rí ìyàwó mi tó ń tòògbé lásìkò ìwàásù, á wò mí láti òkè délẹ̀, á ní, "Ojú wo lẹ fi rí i?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, kí ni mo tún fẹ́ ṣe?