Páànù Wa Tó Fò Lọ Sílé Àlàájà

Bí mo bá dàgbà dàgbà tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, mi ò lè gbàgbé ọjọ́ tí mo lọ gba páànù wa padà nílé Àlàájà Aládìẹ.

Ìjì tó jà lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ò ṣàánú ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa, lẹ́yìn òpópónà Fate níbí. Ó wó òpó iná méjì, iná lọ pátápátá. Lẹ́yìn náà ló ká páànù kan kúrò lórí yàrá wa, gangan òkè ibi tí àpò àgbàdo mẹ́rin Màámi wà. Màámi ti lọ kó ìyókù wá láti Òkè-Oyì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ kó tó lọ: "Má jẹ́ kí omi kan àgbàdo mi o." Fóònù mi ti kú, mi ò lè pè é. Àpò kan wúwo jù mí lọ, mi ò lè gbé e. Mo fi ọ̀rá bò wọ́n, mo sì gbé báàfù lé e. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ pe kápẹ́ńtà, ó ní, "Wá páànù rẹ wá, màá bá ọ kàn án kí òjò mìíràn tó dé."

Òun nìkan ni páànù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé ládùúgbò, bàbá mi ló kùn ún kó tó kú. Kò pẹ́ tí mo fi rí i ní àgbàlá Àlàájà, ìyá àgbà tó ń sin adìẹ, ojúlé kẹta sí wa. Mo ti pinnu pé mi ò ní padà sílé láìgbé e. Mo ń ka ohun tí mo máa sọ bọ̀ lọ́nà: "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, páànù wa ló fò wá sọ́dọ̀ yín." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi yìí, nígbà tí mo wà níléèwé, tí tíṣà bá pe orúkọ mi, ẹni tó jókòó tì mí ló ń bá mi dáhùn.

"Àsàlámù àlékúmù."

"Wàlékúmù sàlámù! Ọmọ Ìyá Alágbàdo! O kú ewu ìjì o. Ilé ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà." Ilé tí kò lórùlé.

"Ìyá rẹ ńkọ́? Iná ńkọ́, ṣé wọ́n ti mú un dé? Jókòó, mu kókó."

Mo jókòó, mo mu kókó. Bí mo ṣe fẹ́ la ẹnu báyìí, ó ní, "Ọlọ́run ló rán ọ wá! Ìjì ṣí ilé adìẹ mi, Ọlọ́run náà ló tún fi páànù ránṣẹ́ látòkè. Bá mi di ibí yìí mú."

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Mo dì í mú. Àlàájà kan ìṣó àkọ́kọ́, hámà bá a ní àtàǹpàkò, ni mo bá gba hámà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé tí mo bá parí, màá wá sọ ọ́. Ìṣó méjìlá ni mo kàn mọ́ páànù bàbá mi, mo sì kàn wọ́n dáadáa, torí n kì í fiṣẹ́ ṣeré. Àlàájà ṣàdúà fún mi títí, ó fún mi lẹ́yin mẹ́fà. Mo ní, "Ẹ ṣé, mà," mo lọ sílé.

Kápẹ́ńtà wo ọwọ́ mi. "Ṣé ẹyin la fẹ́ kàn sókè ni?"

Mo yí padà. Mo ní lọ́tẹ̀ yìí mi ò ní jókòó, mi ò ní mu nǹkan kan. Òjò ti ṣú dùdù. Bí mo ṣe wọ àgbàlá ló dà bolẹ̀, mo sì sá wọ ibi tó sún mọ́ mi jù: ilé adìẹ. Mo lóṣòó síbẹ̀, àkùkọ kan ń wò mí bí olè. Omi ò kàn mí rárá. Ìgbà yẹn ni mo gbójú sókè. Èmi àti adìẹ wà lábẹ́ páànù wa, àgbàdo Màámi wà nínú òjò!

"Ta ló wà lọ́dọ̀ adìẹ mi?" Àlàájà ti gbá igi mú.

"Èmi ni, mà! Páànù wa ni! Tiwa ni! Òjò ń pa àgbàdo Màámi!" Mo pariwo débi pé àwọn adìẹ fò gìrì.

"Súbúhánà láhì! Ìwọ tí o fọwọ́ ara rẹ kàn án? Kí ló dé tí o ò sọ láàárọ̀?"

"Kókó ló wà lẹ́nu mi, mà."

Àlàájà figbe ta pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì. Wọ́n sáré gbé àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí pálọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ló rin, a sì sá a sórí ẹní títí ó fi gbẹ.

Nígbà tí kápẹ́ńtà ń fa ìṣó yọ lọ́jọ́ kejì, ó làágùn. "Ọkùnrin wo ló kan ìṣó báyìí?" Mo bá a gbé páànù náà padà sílé. Ó kàn án padà sórí yàrá wa, ó dí ihò mọ́kànlá, ó gbàgbé ọ̀kan.

Mo ti kọ́ ọ báyìí: bí mo bá délé ẹnikẹ́ni, lẹ́yìn sàlámù, ohun tó gbé mi wá ni mo ń sọ kí n tó gba kókó. Bí mo bá sì fẹ́ gbàgbé, tí òjò bá ti ń rọ̀, ihò kejìlá yẹn a kán tó sí mi níwájú orí. Èmi nìkan á wá máa rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn.