Ọlọ́pàá Irọ́ ti Jakande

Bí ẹ bá rí Yísà Akínọ̀ṣọ́ ní ẹ́sítéètì Jakande, ẹ yà fún un. Ọlọ́pàá Irọ́ ló ń kọjá, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ orí fóònù, ẹni tí ayédèrú àwòrán rí tó tọrọ gáfárà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ara rẹ̀ joyè náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Yísà ní ọjọ́ kan ti pọ̀ jù fún òun, bí dátà bá ṣáà ti wà.

Lọ́jọọjọ́ Àìkú ló ń kọ́ àwọn aládùúgbò lẹ́kọ̀ọ́. "Ẹ má kàn gba ohùn orí fóònù gbọ́ wẹ́rẹ́. Ẹ bèèrè: ta ló gbà á sílẹ̀, níbo, nígbà wo?" Ẹ̀kọ́ náà dáa, ká má purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ipò alága ẹ́sítéètì ló ń fi í wá. Ó sì mọ̀ pé ẹni tí Lemọ́mù mọ́ṣáláṣí àdúgbò bá fọwọ́ sí ni wọ́n máa mú, bẹ́ẹ̀ Lemọ́mù kì í dá sí ọ̀rọ̀ ìbò.

Ìparí ààwẹ̀ dé, Lemọ́mù wọ ìtíkáfù, wọ́n há ara wọn mọ́ mọ́ṣáláṣí fún ìjọsìn. Yísà bá kó wáàsí wọn àtijọ́ fún AI orí fóònù rẹ̀, ó ní kó bá òun ṣe ohùn Bàbá. Nígbà tó gbọ́ ọ, díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀ fún fóònù.

Lọ́jọ́ ìbò, ó so fóònù mọ́ sípíkà. Ohùn Lemọ́mù jáde ketekete: "Ẹ̀yin èèyàn mi, Yísà ni kẹ́ ẹ mú."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àǹtí Mọ́nsúrátù, tí kì í pa ẹ̀kọ́ Yísà jẹ, nawọ́ sókè.

"Ọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ kọ́ wa ní kíláàsì ni mo fẹ́ lò. Ìgbà wo ni wọ́n gbà á sílẹ̀?"

"Láàárọ̀ yìí."

"Níbo?"

"Nínú mọ́ṣáláṣí. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé Bàbá wà nínú ìtíkáfù ni?"

"Mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n, ká dúpẹ́."

"Ká pè wọ́n báwo? Bàbá ò mú fóònù wọlé, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ayé."

"Ta ló wá bá wa sọ̀rọ̀?"

Yísà sáré fìka tẹ fóònù kó lè pa á, ibi tí kò yẹ ló lọ tẹ̀. Sípíkà bá tún dáhùn, ohùn obìnrin kan tó mọ̀wà á hù:

"Ohùn Lemọ́mù tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ti parí. Ṣé kí n fi ikọ́ díẹ̀ sí i, kó lè jọ òótọ́?"

Ẹ̀rín sọ. Àwọn àgbààgbà di ìdí àga mú kí wọ́n má baà ṣubú.

"Ẹ má dá a lóhùn," Yísà pariwo. "Irọ́ ni fóònù yìí ń pa."

"Ìyẹn náà la ń sọ, Ọ̀gá," Mọ́nsúrátù ní. "Ẹ ṣé gan-an. Ẹ̀kọ́ yín ti yé wa."