Akàn Yunifásítì

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi, ọjọ́ tí ọ̀gá mi ní yunifásítì wọkọ̀ ojú omi wá sí Zion Pepe, abúlé orí omi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láti wo iṣẹ́ ìwádìí mi. Wọ́n ní kí n wádìí bóyá akàn ṣì ń rójú gbé nínú ẹrẹ̀ tí epo rọ̀bì ti kàn, kí n sì wádìí bí àwọn tó ń tà á ṣe ń rí jẹ. Èmi gbájú mọ́ akàn, mo gbàgbé èèyàn.

Mo máa ń mú akàn, máa fi kútéèsì pupa tí à ń kùn sí èékánná sàmì sí i lẹ́yìn, máa wá tú u sílẹ̀. Bí mo bá tún rí alámì nínú apẹ̀rẹ̀ àwọn obìnrin tó ń ta akàn, a jẹ́ pé kò kú, kò sì sá lọ. Níjọ́ kan, oníbàárà kan láti Igbókọ̀dá bi mí pé kí ni pupa yẹn. Dípò kí n pa ẹnu mi mọ́, mo wú bí búrẹ́dì. Mo ní, "Akàn yunifásítì nìyẹn!" Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ṣa gbogbo alámì rà.

Kò pẹ́, gbogbo apẹ̀rẹ̀ pọ́n. Mo jó, mo ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi pé akàn wa kì í kú. Ó ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i.

Bí èmi àti ọ̀gá mi ṣe gun orí pákó ilé báyìí, Yèyé, onílé mi, ló jókòó síwájú ilé, tó ń fi kútéèsì kun akàn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọma mi, pupa ti tán. Mo fi aláwọ̀ ewé kun èyí. Ṣé yunifásítì ò ní bínú?"

Ọ̀gá mi wo akàn, ó wò mí. Ojú tì mí dé egungun. Ibẹ̀ náà ni oníbàárà Igbókọ̀dá ọjọ́sí ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Tíṣà, wọ́n ní ayédèrú ti wọ àárín akàn yunifásítì. Èwo gan-an ni tiyín?"

Bí mo bá sọ òótọ́, ọjà Yèyé àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bàjẹ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, ìwádìí mi ti wọmi nìyẹn. Yèyé ò bẹ̀ mí. Ó kàn gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró lófuurufú.

"Gbogbo wọn ni," mo dáhùn. Ọ̀gá mi wúkọ́.

Mo tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó sì dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n mo kọ́gbọ́n: ẹni tó ń wádìí akàn, kó má fọ́nnu níwájú ẹni tó ń rà á. Mo kàn ń rẹ́rìn-ín ara mi ni, torí ọ̀gá mi tó bá mi wí títí yẹn, apẹ̀rẹ̀ kan ló rà lọ sílé. Ó ní kí Yèyé bá òun ṣa èyí tí àmì rẹ̀ hàn dáadáa.