Akọni Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n

Ní Òkè-Àfà, láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, bí ẹnìkan bá ti pe "Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n", kò sẹ́ni tó ń béèrè oṣù. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2002 ni: ọjọ́ tí bọ́ǹbù ń bú ní bárékè Ìkẹjà, tí àwọn tó ń sá àsálà rò pé ilẹ̀ ni ojú oró tó bo odò, tí wọ́n sì rì sómi. Títí dòní wọ́n á ní ọmọ kan ti ń rìn ṣáájú Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tàbí pé lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé kan.

Inú ọjọ́ yìí ni Àlàájì Tàjùdéèn, télọ̀ tó rẹwà jù lójú ara rẹ̀, ti rí oyè. Akọni-Odò ló ń pe ara rẹ̀. Ó ní òun yọ èèyàn mẹ́ta lómi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá wọ́n di méje. Nígbà tó fi máa ti Mẹ́kà dé, wọ́n ti di mọ́kànlá. Ọdọọdún ni odò ọ̀hún ń bímọ fún un.

Àga iwájú sì ni tirẹ̀ níbi àdúrà ìrántí. Lọ́dún yìí, ó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ òun pe òpópónà kan. Morọ́lá, akọ̀wé ìgbìmọ̀ àdúrà náà, ní kó mú fọ́tò ìgbà náà wá. Àlàájì tú àpótí, ó mú èyí tí agbádá ti bá a mu jù, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá títí yóò fi ga ju òun lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ àdúrà, wọ́n gbé fọ́tò náà síwájú. Sẹ̀kínátù, ìyá Mardiyah, ọmọ tó bá odò lọ lọ́jọ́ náà, dúró tì í pẹ́. Ó béèrè ibi tí wọ́n ti yà á.

"Ìkirè ni," Àlàájì dáhùn sínú makirofóònù. "Ìsọmọlórúkọ Abdulmajeed ọmọ mi. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú la fi ṣe é. Ẹ ò rí bí mo ṣe rí?"

"Mo rí yín dáadáa. Ẹ bá mi ka déètì tí kámẹ́rà kọ sísàlẹ̀."

Àlàájì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Nọ́ńbà pupa tí kò kà sí nígbà tí fọ́tò ṣì kéré ti wá tó àtẹ́lẹwọ́: 27, 1, 2002. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo abẹ́ kánópì sì gbè é. Wọ́n ń béèrè bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gùn tó, tó fi ti Ìkirè nà án dé Òkè-Àfà.

Ìyá Mardiyah dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀.

"Ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò sí níbẹ̀, Àlàájì," ó sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Èmi wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹnì kankan yọ lómi."

Àlàájì fi àga iwájú sílẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ gbé fọ́tò náà, ó fi bojú, ó gba ọ̀nà Èjìgbò lọ. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín nínú agbádá nìkan ni àwọn èèyàn ń rí, tó ń rìn lọ láìní orí mìíràn.