Ọba Búrẹ́dì àti Àwọn Tí Kò Sí Nílé

Bí ìgbéraga bá ń mú ènìyàn sanra, ọkùnrin tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì bá tí lè gba ẹnu ọ̀nà ilé ara rẹ̀ kọjá. Ọba Búrẹ́dì ló ń pe ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi í jọba. Òun ló yan ara rẹ̀, òun ló dé ara rẹ̀ ládé, òun náà ló sì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí ara rẹ̀ nínú dígí.

Ó fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ náà sára ògiri ilé búrẹ́dì: Ọba Búrẹ́dì, Ojúlówó Ọmọ Onílẹ̀, Ọkùnrin Ribiribi Tí Í Bọ́ Ìlú! Ẹni tó bá kà á á rò pé òun ló ń po ìyẹ̀fun. Rárá o. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀ kó tó kú. Ìyá Ààrò àti àwọn mẹ́ta tó ń tẹ̀ lé e ló ń ṣe búrẹ́dì níbẹ̀. Iṣẹ́ ti Ọba kò ju kí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, kí ó fi àtàǹpàkò tẹ búrẹ́dì kan, kí ó mirí bí ẹni tí búrẹ́dì sọ àṣírí fún, kí ó sì wí pé, "Ó dáa. Ẹ máa tà." Láti ọjọ́ tó ti gbé ìyàwó, ọwọ́ rẹ̀ kò kan ìyẹ̀fun tútù rí.

Àlejò ni Ìyá Ààrò àti àwọn mẹ́ta náà. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti wà nílùú. Wọ́n ti pẹ́ débi pé èdè ìlú ni wọ́n fi ń ṣépè fún ààrò nígbà tó bá jó wọn lọ́wọ́.

Ìgbà tó yá ni ààrẹ tuntun gorí àléfà. Àga kò tíì gbóná lábẹ́ rẹ̀ tó fi gbé òfin jáde: àlejò tó bá ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí níwájú aṣojú ìjọba pé òṣìṣẹ́ òun ni. Ẹni tí kò bá rí ẹlẹ́rìí kí oṣù tó parí, kó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Ìlú pín sí méjì bí igi tí àrá là. Àwọn kan ní ààrẹ ṣe é re, àlejò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílé. Àwọn kan ní ìwà ìkà ni, ta ni yóò máa tọ́jú àwọn arúgbó, ta ni yóò máa gbá ìgboro? Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì òpópónà ń fá orí oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Oníbàárà fìbínú dìde, ó gbé ìdajì orí tí wọ́n ti fá àti ìdajì tí wọn kò tíì fá, ó lọ sílé.

Ọba Búrẹ́dì kò bèèrè ibi tí òtítọ́ wà. Ibi tí ọbẹ̀ wà ló bèèrè. Wọ́n sọ fún un pé ìjọba fẹ́ fi kọ́ńtíráàtì búrẹ́dì gbogbo ilé ìwé lé ọwọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí kò ní àlejò nínú, wọ́n sì fẹ́ fi ẹni tó ni ín sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa gba ààrẹ nímọ̀ràn. Lọ́jọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ti wà lórí rédíò.

"Àlejò ti pọ̀ jù!" ló ń ké. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ!"

Ó ń sọ ọ́ tòun ti búrẹ́dì Ìyá Ààrò lẹ́nu.

Ìyá Ààrò gbọ́ rédíò náà. Ó nu ọwọ́, ó wá bá a ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, oṣù ń parí lọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí wa ńkọ́?"

"Ẹ̀rí kí ni?"

"Pé òṣìṣẹ́ yín ni wá. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ ṣèdánwò àṣejáde níbí. Ẹ kàn máa tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì wọn, kí ẹ sọ gbólóhùn kan péré."

"Gbólóhùn mi wọ́n, Ìyá Ààrò. Ẹnu tí mo fẹ́ fi gba ààrẹ nímọ̀ràn, ṣé òun ni kí n gbé lọ tò sórí ìlà? Ní sùúrù. Ṣé mo ti lé ọ ni?"

"Ẹ ò lé mi, ẹ ò sì gbà mí. Àárín méjèèjì yẹn ni wọ́n ti ń wá mú èèyàn."

Ọba fi ọwọ́ lé e bí ẹni lé eṣinṣin. Ó ń wá irú bàtà tí yóò wọ̀ lọ sọ́dọ̀ ààrẹ.

Oṣù ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí. Aṣojú ààrẹ ń bọ̀ wá wo ilé búrẹ́dì, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n yóò sì gbé e sáfẹ́fẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ní kùtùkùtù, Ọba Búrẹ́dì pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tọ́ka sí yàrá tí wọ́n ń kó àpò ìyẹ̀fun sí.

"Ẹ wọ ibẹ̀ yẹn. Ẹ má húkọ́, ẹ má sín. Bí mo bá ti gba kọ́ńtíráàtì tán, n ó jẹ́rìí yín lọ́jọ́ kejì."

"Ọ̀gá," Ìyá Ààrò ní, "báwo lẹ ṣe máa jẹ́rìí àwọn tí ẹ ti sọ pé wọn ò sí?"

"Òṣèlú nìyẹn. Kò lè yé ọ."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì ló wọ aṣọ iṣẹ́ funfun dípò wọn. Ọ̀kan ń wa takisí, èkejì ṣì ń wá ohun tí yóò máa wà. Ọba ní kí wọ́n dúró ti ọpọ́n ńlá tí wọ́n po ìyẹ̀fun sí, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tó mọ nǹkan.

"Mo ti po ìyẹ̀fun gbogbo oníbàárà," Ìyá Ààrò ní, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti wà nínú yàrá, "mo sì ti fi yíìsì sí i. Bí àlejò yín bá pẹ́ dé, ẹ jẹ́ kí n jáde wá gé e sínú agolo. Yíìsì ò mọ ààrẹ o."

"Nínú ilé mi, ohun tí mo bá ní kó dúró, á dúró."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó sọ kọ́kọ́rọ́ sápò àyà. Ìyàwó rẹ̀, tó wà nídìí àpótí owó, gbé ojú sókè.

"Bàbá wọn, ìyẹ̀fun yẹn á wú o."

"Ẹ jẹ́ kó wú! Ilé ọlá là ń gbé."

Àárọ̀ ni aṣojú ààrẹ ní òun yóò dé. Ọ̀sán ló dé, nítorí ẹni ńlá tó bá tètè dé, wọ́n á rò pé kò ríṣẹ́ ṣe. Gbogbo àkókò yìí, ààrò ń gbóná, wọ́n sì ti tan àwọn iná tẹlifíṣọ̀n rọ̀ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n. Ooru mú yàrá bí inú aṣọ tí wọ́n fi pọn ọmọ. Ìyẹ̀fun rò pé ìyá òun ló gbé òun sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Àwọn èrò ti kún ẹ̀yìn gíláàsì iwájú ilé búrẹ́dì. Àwọn tó fara mọ́ òfin dúró lápá ọ̀tún, àwọn tó lòdì sí i dúró lápá òsì, wọ́n ń bú ara wọn lákọlákọ. Ọba gbé gbohùngbohùn kan síta kí wọ́n lè gbádùn òun dáadáa.

"Ọba Búrẹ́dì," ni obìnrin oníròyìn bèèrè, "ṣé òótọ́ ni pé kò sí àlejò kankan láàárín òṣìṣẹ́ yín?"

"Kò sí! Tinú tòde, kò sí! Ẹni tó bá rí àlejò kan nínú ilé yìí, kó gbé mi jù sínú ààrò!"

Aṣojú ààrẹ mirí. "Irú yín ni ìlú ń wá."

Orí Ọba wú. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹ̀fun náà wú. Ó ti dé etí ọpọ́n, ó yọjú wo àwùjọ bí arúgbó tó gbọ́ ariwo lójú pópó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí àwọn àlejò yìí jẹ́," Ọba ní, ó na ìka sí kámẹ́rà. "Díẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Ẹ óò ní kò burú. Kí ẹ tó mọ̀, wọ́n ti ń wú! Wọ́n ti kún ilé! Wọ́n ti ń dà sílẹ̀!"

Ẹ̀rín bú ní ìta, lọ́tùn-ún àti lósì. Ọba gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, háà, mo ti sọ ìlú di ọ̀kan. Ó tẹ̀ síwájú.

"Ẹ tì wọ́n sẹ́yìn, wọn ò ní lọ! Wọ́n á máa lẹ̀ mọ́ yín lára!"

Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wa takisí ti fi ọwọ́ méjèèjì ti ìyẹ̀fun náà padà, ìyẹ̀fun sì gba ọwọ́ náà, kò dá a padà mọ́. Àwọn tó wà níta di ara wọn mú kí wọ́n má ṣubú. Ọba wá rí i pé kámẹ́rà kò kọjú sí òun mọ́.

"Bàbá," ni ọmọ náà ké, "ó ń bọ̀ o!"

"Ta ló ń bọ̀?"

"Ìyẹ̀fun!"

Ọba yí padà. Búrẹ́dì gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti gba etí ọpọ́n sọ̀kalẹ̀, funfun, ó sanra, kò kánjú. Ó já sílẹ̀, ó sì bo bàtà aṣojú ààrẹ mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá bojú. Ọba Búrẹ́dì kò rí bàtà, kò rí kámẹ́rà. Owó ló rí tó ń ṣàn lọ nílẹ̀. Ó fò mọ́ ọpọ́n, ó fi àyà dí i, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ra. Kọ́kọ́rọ́ yọ́ kúrò nínú àpò àyà rẹ̀, ó wọnú ìyẹ̀fun, ó rì.

Ìwọra rẹ̀ sì ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò ṣe láti ọdún mọ́kànlá.

"Ìyá Ààrò!" ló ké. "Ìyá Ààrò! Ẹ jáde wá o! Ẹ gbà mí!"

Ohùn kan dáhùn láti yàrá ìyẹ̀fun, jẹ́jẹ́.

"Ta ló ń pè?"

"Èmi ni! Ọ̀gá yín ni!"

"Ọ̀gá ta? Àwa gbọ́ lórí gbohùngbohùn báyìí pé kò sí àlejò kankan nílé yìí, tinú tòde. A ò sí, sà."

Onígbàjámọ̀ fi orí lu gíláàsì nítorí ẹ̀rín.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ààrò! Mo bẹ̀ yín!" Ọdún mọ́kànlá, "ìwọ" ló ń pè é. Òní ló rántí pé ó ju òun lọ lọ́jọ́ orí.

"Ta ló ń ṣe búrẹ́dì níbí?"

"Ẹ̀yin ni!"

"Ẹ sọ ọ́ kó dé òpópónà. Òṣìṣẹ́ ta ni àwa?"

Ìyẹ̀fun tún já lulẹ̀, pẹ̀ẹ̀! Ọba wò ó, ó mí kanlẹ̀.

"Òṣìṣẹ́ mi ni yín! Ìyá Ààrò àti àwọn mẹ́ta tó wà pẹ̀lú rẹ̀! Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bá mi ṣiṣẹ́, àwọn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, èmi ò mọ nǹkan kan!"

Aṣojú ààrẹ ti ń fa ẹsẹ̀ yọ, ó fẹ́ yọ́ jáde. Obìnrin oníròyìn gbé máìkì dí i lọ́nà.

"Ẹ̀yin ni aṣojú ìjọba. Ọ̀gá wọn sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí níwájú yín. Ṣé kì í ṣe ohun tí òfin wí nìyẹn?"

Aṣojú wo ilẹ̀kùn, ó wo kámẹ́rà. Àwọn tó wà lósì ń pariwo, "Ó ti jẹ́rìí!" Àwọn tó wà lọ́tùn-ún náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo rẹ̀, wọn kò yí ọkàn padà o, wọ́n kàn rántí pé àwọn yóò jẹ búrẹ́dì lọ́la.

"Mo... mo gbọ́ ẹ̀rí náà," ni aṣojú wí. "Ó dúró. Ní ti kọ́ńtíráàtì àti ìgbìmọ̀, kí ọkùnrin yìí má retí wa mọ́." Ó fi bàtà kan sílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun, ó lọ.

Ọba kò gbọ́. Ó ti ri ọwọ́ sínú ọpọ́n dé ìgúnpá, ó ń táràrà.

"Kọ́kọ́rọ́! Ìyá Ààrò, ẹ dúró, kọ́kọ́rọ́ ni mò ń wá!"

Ilẹ̀kùn yàrá ìyẹ̀fun dún kẹ́rẹ́, ó ṣí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹ̀fun gbígbẹ lára bàtà wọn.

"Kì í ṣe pé ó ti yín mọ́lé ni?" ni oníròyìn bèèrè.

"Ó tì wá," Ìyá Ààrò ní. "Ṣùgbọ́n àgádágodo yẹn ti bàjẹ́ tipẹ́. Bí èèyàn bá gbé ilẹ̀kùn sókè díẹ̀ láti inú, á ṣí. Ẹni tó bá ti ru àpò wọ ibẹ̀ rí ló máa mọ̀."

"Kí ló wá dé tí ẹ ò jáde látàárọ̀?"

"Wọ́n ní a ò sí."

Ó ká apá aṣọ, ó bu omi fọ ọwọ́, ó fẹ́ lọ fa Ọba kúrò nídìí ọpọ́n. Ìyàwó Ọba dìde nídìí àpótí owó, ó dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá Ààrò. Ẹ lọ po òmíràn. Láti ọjọ́ tí bàbá mi ti kọ́ ilé yìí, òní ni ọkọ mi kọ́kọ́ fọwọ́ kan iṣẹ́."