Olóyè Jẹ Ilẹ̀, Ó Kọ Omi

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ki Olóyè Ọládọ̀tun Ògúnsanwó kí n tó bú u. Ọládọ̀tun olówó epo, a-ta-bẹntiróò-wọ-funfun. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ìbàdàn kọjá ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ ó rí àwòrán rẹ̀ lókè ilé epo rẹ̀, ó tóbi ju orúkọ ilé epo náà lọ. Àwòrán náà ń rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín, òun kọ́ ló ń mu omi àdúgbò.

Àwọn àgbà ní ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ti epo yàtọ̀: aládùúgbò lepo ń tọ̀. Táǹkì tí Olóyè rì mọ́lẹ̀ ń jò, kànga Àlhájà Sàfúrátù aláró sì wà lẹ́yìn ògiri gan-an. Omi tí wọ́n fi ń pa aró, tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, wá ń rùn bí àtùpà. Aró kò mú aṣọ mọ́, inú sì ń run àwọn ọmọ ilé. Àlhájà lọ bá Olóyè.

"Imú yín ló ń ṣe yín, Àlhájà. Omi yẹn mọ́ ju ti inú ike tí wọ́n ń tà lọ."

Àlhájà gba Abẹ́òkúta lọ, ó fẹjọ́ sun ìjọba. Nígbà tí Olóyè gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀ wá yẹ ilẹ̀ wò, ó ní kí wọ́n lọ bu iyẹ̀pẹ̀ pupa láti oko, kí wọ́n fi bo gbogbo ẹ̀yìn ilé epo. Ilẹ̀ náà wá ń dán bí ojú ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Olóyè wá ké sí gbogbo àdúgbò kí wọ́n wá jẹ́rìí.

Haleemah, òṣìṣẹ́ tí ìjọba rán, dé pẹ̀lú irin gígùn tí wọ́n fi ń wa ilẹ̀ fún àyẹ̀wò.

"Ọmọ mi, irin yẹn gùn jù. Òkè ilẹ̀ ni ká yẹ̀ wò. Ta ní ń gbé ìsàlẹ̀?"

"Omi ni, sà."

"Ẹ sáà ní òdiwọ̀n. Tí epo inú ilẹ̀ ò bá kọjá rẹ̀, mi ò lẹ́bi."

"Òdiwọ̀n méjì ni, sà. Ti ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ fẹ̀ díẹ̀. Ti ilẹ̀ tí èèyàn ń mu omi rẹ̀ kéré gan-an. Bó bá kọjá ìyẹn, ẹ̀yin lẹ máa tún ilẹ̀ àti kànga ṣe."

"Kọ ti ilé-iṣẹ́ sínú ìwé. Ta ní ń mu omi níbí?"

"Èmi," ni Àlhájà wí.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kò ṣeé mu?"

"Kò ṣeé mu. À ń mu ún. Òmíràn wo la ní?"

Olóyè rí i pé ojú ti pọ̀ lára òun. "Ilẹ̀ yìí mọ́," ló wí. "Mo fi ilẹ̀ búra."

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ fi ilẹ̀ búra á fi ìka kan ilẹ̀, á fi kan ahọ́n, ó parí. Ṣùgbọ́n Olóyè kì í ṣe nǹkan kékeré. Ó rí àwọn tó gbé fóònù sókè, ó tún fìlà ṣe, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó jù ú sẹ́nu.

Iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún mọ́ lóòótọ́, oko ló ti wá. Àmọ́ iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ náà a máa há èèyàn lọ́fun. Olóyè wúkọ́ títí, ojú rẹ̀ yọ, fìlà já bọ́.

"Omi," ló ń sọ. "Ẹ fún mi lómi."

Àlhájà sáré wọlé, ó gbé abọ́ jáde, ó kúnlẹ̀ bí ọmọlúàbí. "Ẹ gbà, Olóyè. Ó tutù dáadáa."

Olóyè gbé e dé ẹnu. Òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ju abọ́ náà sọnù.

"Omi kànga yẹn kọ́ nìyí? Ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

 Gbogbo ibẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta epo níwájú.

Haleemah ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣé, sà. Ẹ béèrè omi níbí, ti kànga ni wọ́n gbé wá. Ilẹ̀ tí èèyàn ń mu omi rẹ̀ ni mo máa kọ sínú ìwé." Ó ti irin wọlẹ̀. Pupa ni iyẹ̀pẹ̀ tó kọ́kọ́ yọ. Dúdú ló tẹ̀lé e, ó ń rùn bí epo, ó ń yọ̀ lọ́wọ́.

Wọ́n bá Olóyè ra omi inú ike. Bó ṣe gbé e sẹ́nu báyìí, Àlhájà rọra dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa, Olóyè. Títí tẹ́ ẹ ó fi tún kànga wa ṣe, irú ẹ̀ la ó máa mu, ẹ̀yin lẹ ó sì máa rà á."