Baba Gírámà Lẹ́nu Géètì

Ẹ bá mi kí Baba Gírámà! Ajẹ-díkíṣọ́nárì-má-mumi. Arọ̀gírámà-bí-òjò. Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ sín, á kọ́kọ́ wá òyìnbó tó gùn dáadáa tí yóò fi kéde ẹ̀.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n kó tó fi táì sọ́rùn mọ̀ pé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ló ń gbé, nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àjákù aṣọ sí. Àmọ́ ọjọ́ tó ti ní òun mọ gbogbo òyìnbó tí wọ́n lè bi èèyàn nínú ìdánwò ìgbaniwọlé sí ilé-ìwé gíga ni ẹran ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń tóbi sí i.

"Èmi tí ẹ ń wò yìí," ló máa ń wí, "ìgbà kan ṣoṣo ni mo jókòó sí i. Wọ́n ní kí n má padà wá mọ́, kí n jẹ́ kí àwọn yòókù náà rọ́nà gbà."

Aránṣọ ti ẹ̀rọ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀bù di ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀lé e. Ìlànà Baba Gírámà kò le: gbé ọ̀rọ̀ mì, ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Bùrọ̀dá, kí ni wọ́n ń pè ní ọ̀bìkúítọ́ọ̀sì?" ọmọ aránṣọ bi í.

"Ìwọ ọmọ yìí, o tún ti dé! Ọ̀rọ̀ ńlá ha ń ní ìtumọ̀ kékeré bí? Pè é kó ró!"

Wọ́n pè é títí, fọkanáísà òdìkejì títì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í bú oníbàárà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé ọdọọdún ni Baba Gírámà ń yọ́ lọ ṣe ìdánwò yìí, ọdọọdún náà ni ìdánwò ń ṣe é. Tọdún yìí sì ni ìkẹyìn. Bó bá fi lè bọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ò ní gbà á láyè mọ́. Ó wá pète: àwọn ọmọ á tètè wọlé, àwọn òbí á lọ sílé, òun á dé fìlà bojú, á wọlé pẹ̀lú àwọn tó kẹ́yìn.

Ète yìí dára. Ẹnu ló bà á jẹ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn òbí kún ìta géètì ibi ìdánwò, àwọn ọmọ tò sínú ọgbà. Aránṣọ ní, "Àbúrò mi, bá wọn sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ọkàn wọn balẹ̀."

Ṣé ológbò á rí ẹja sísun kó máa wo sánmà? Baba Gírámà gun orí búlọ́ọ̀kù, ó tún táì ṣe.

"Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi pásípikéṣọ́ọ̀sì!"

Àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Ló bá ń sọ ọ́ lọ. Ìlà ń wọlé, ó ń sọ̀rọ̀. Ìlà tán, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ aránṣọ nìkan ló kù tó ń dúró, torí ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í kẹ̀yìn sí àgbà tó ń sọ̀rọ̀.

Ìyá tó ń ṣọ́ géètì, tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí wọ́n fi ń dá olùdánwò mọ̀ dání, wá fẹ́ tilẹ̀kùn. Ojú òun àti Baba Gírámà ṣe mẹ́rin.

"Háà, oníbàárà mi! Mo ní kí ló dé tí n ò rí ọ. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé wọ́n ti gbà ọ́ wọlé!"

Gbogbo òbí yíjú sí Baba Gírámà.

"Màmá, ẹ ṣì mí mú ni. Olùkọ́ ni mí."

"Olùkọ́ kẹ̀? Èmi tí mo ti ń tẹ ìka ẹ kí o tó hu irùngbọ̀n? Sọ̀ kalẹ̀ jàre, mo fẹ́ ti géètì mi."

Baba Gírámà wo géètì tó ń pa dé. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òyìnbó tán pátápátá. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na àtàǹpàkò. Ẹ̀rọ dún píì, ó mọ̀ ọ́n dunjú.

Àwọn òbí bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ káwọ́ lérí: "Yé è! Ẹran inú ọbẹ̀ mi o!"

Nínú ọgbà, ọmọ aránṣọ rọra di ọwọ́ Baba Gírámà mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ sí yàrá ìdánwò.

"Ẹ má jáyà, Bùrọ̀dá. Èyí tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ kàn fò ó."